Àgbálùmọ̀ tí o ti jẹ kò sí nínú ọ̀rá mọ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìṣirò ìṣeéṣe

Ká ní àgbálùmọ̀ mẹ́jọ wà nínú ọ̀rá kan. Márùn-ún dùn, mẹ́ta kan, ojú ò sì lè dá wọn mọ̀. O ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, o mú ọ̀kan jẹ, o tún mú èkejì. Kí ni ìṣeéṣe pé méjèèjì á dùn?

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ á sáré kọ 5/8 × 5/8. Ta ló ń jẹ àgbálùmọ̀ tán tó ń dá a padà sínú ọ̀rá? Tí àkọ́kọ́ bá dùn, méje ló kù, mẹ́rin nínú wọn ló dùn: 5/8 × 4/7, ìyẹn 20/56.

Àwọn mìíràn á kọ 5/8 × 5/7: wọ́n dín iye ìsàlẹ̀ kù, wọ́n gbàgbé tòkè. Ṣùgbọ́n ẹ má wá máa dín tòkè kù lọ́nàkọnà o. Bí àkọ́kọ́ bá kan, àwọn márùn-ún tó dùn ṣì pé síbẹ̀, 3/8 × 5/7 ló sì tọ̀nà.

Ibi tí máàkì ti ń ṣòfò jù ni "ọ̀kan dùn, èkejì kan". Wọ́n á kọ 5/8 × 3/7, ìyẹn 15/56, wọ́n á fàlà sí i nídìí. Ọmọbìnrin kan tilẹ̀ bi mí pé, "Àǹtí, ṣebí inú ikùn kan náà ni méjèèjì ń lọ?" Mo ní kó fi D dúró fún dídùn, K fún kíkan, kó kọ gbogbo ọ̀nà tó lè gbà ṣẹlẹ̀: DD, DK, KD, KK. Ó rí i pé DK àti KD kì í ṣe ọ̀kan náà, pé 30/56 ni ìdáhùn. Ó wá ro gbogbo wọn pọ̀: 20 + 15 + 15 + 6 jẹ́ 56. Tí tìrẹ kò bá pé 56, ọ̀nà kan ti sọnù.

Fún "ó kéré tán, ọ̀kan á dùn", ẹ má ro 5/8 mọ́ 4/7. 67/56 nìyẹn, ìṣeéṣe kì í sì ju 1 lọ. Ẹ yọ KK kúrò nínú 1: 50/56.

Èyí tó kù máa ń dàrú mọ́ àgbàlagbà pàápàá lójú. Ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ ló jẹ àkọ́kọ́, tí kò sọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ìṣeéṣe pé tìrẹ á dùn kì í ṣe 4/7. DD àti KD ni ká rò pọ̀: 35/56, ìyẹn 5/8 gan-an tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá níbẹ̀.