“Ó Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Tèmi”: Ìdáhùn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Pè Mí Lóru

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni mẹ́ta ló pè mí lórí ìṣòro kóòdù tí wọ́n ń kọ, ọ̀kan nínú wọn ní aago mọ́kànlá alẹ́. Mo ti wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹ kà á kí ẹ tó pè.

Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ lórí server.

Ṣé ẹ ti commit package-lock.json, ìyẹn ni pé ẹ ti fi fáìlì tó ń sọ version àwọn package tí ẹ ń lò sínú Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù? Ṣé ohun tó wà nínú .env yín, fáìlì tí password àti irú ẹ̀ máa ń wà, wà lórí server, kọ̀ǹpútà tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn? Ẹ wo orúkọ fáìlì pẹ̀lú: lójú Windows, Oja.js àti oja.js kò yàtọ̀. Linux kò gba irú ẹ̀.

Mo ṣèèṣì push password database, ibi tí ètò wa ń kó dátà sí, sí GitHub, ibi tí a ń kó kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ti pa fáìlì náà rẹ́. Ṣé ó ti tán?

Kò tán. Ó ṣì wà nínú ìtàn Git. Ẹ lọ pààrọ̀ password yẹn kí ẹ tó ka ìbéèrè tó kàn.

Ẹnì kan ṣe push --force, ó fi kóòdù tirẹ̀ bo tèmi mọ́lẹ̀ lórí GitHub, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mi ti lọ.

Bí ẹ bá ti commit ẹ̀, kò tíì lọ. Ẹ tẹ git reflog, àkọsílẹ̀ ibi tí iṣẹ́ yín ti kọjá nínú Git, lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ṣe é. Bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, commit tí branch (ẹ̀ka iṣẹ́) kankan kò di mú mọ́ á ṣì wà níbẹ̀ fún 30 ọjọ́. Bí ẹ kò bá commit rárá fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ sọ fún ẹni yẹn kó máa lo --force-with-lease, tó ń kọ̀ bí ẹlòmíràn bá ti push ohun tí òun kò tíì rí.

Àṣìṣe kan wà tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó tún ń sá pamọ́. A ti wá a títí.

Mo mọ irú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi jẹ mí níyà. Oníbàárà kan l'Ékòó ni a ń ṣiṣẹ́ fún, owó ọjà tí ètò wa ń kà lójúmọ́ kì í sì í bá ti báǹkì mu. Lónìí ó pé géérégé, lọ́la ó lé, lọ́túnla ó dín. Báǹkì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo tún ibi tí a ti ń ro owó pọ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí ẹni tó ń ṣe apá tí oníbàárà ń rí, ọjọ́ méjì ni a kò fi bára wa sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, a ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn lọ́wọ́ ni àbúrò tó kéré jù nínú wa bá rọra sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe aago ni?”

Aago ni. UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni server wa ń kà, wákàtí kan ló sì fi wà lẹ́yìn aago Nàìjíríà. Ẹni tó rajà ní aago méjìlá ààbọ̀ òru mọ́jú ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́bọ̀ ni ètò wa ń kọ owó rẹ̀ sí. Bí kò bá sẹ́ni tó rajà láàárín aago méjìlá sí aago kan òru, ìṣirò á pé. Aago Èkó ni gbogbo kọ̀ǹpútà tiwa sì ń kà, a ò lè rí i láéláé. Ìlà mẹ́ta ló tún un ṣe: a fi àkókò sílẹ̀ ní UTC nínú database, a sì ń yí i sí Africa/Lagos kí a tó mọ ọjọ́ tí owó wọlé. A wá kọ test, kóòdù tó ń yẹ kóòdù wò, tó ń díbọ́n pé aago méjìlá ààbọ̀ òru ni.

Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ yẹn ti rí i láti ọjọ́ kejì. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ ibẹ̀.” Mo lọ wo gbogbo review, àyẹ̀wò kóòdù, tó ti ṣe fún mi: “Ó dára, ẹ̀gbọ́n,” láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí kóòdù wa, èmi ni mò ń kẹ́yìn. Ojú kọ́kọ́ tì wọ́n. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti rí àṣìṣe mi méjì mìíràn.

Bí tiyín kì í bá ṣe aago, ẹ máa kọ wákàtí tó ń yọjú sílẹ̀, kí ẹ sì lo git bisect, tó ń pín ìtàn commit sí méjì-méjì, láti mọ commit tó bí i. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó dákẹ́ jù láàárín yín.

Mo ti pa table kan (àkójọ dátà) rẹ́ lórí database tí àwọn oníbàárà ń lò.

Ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ má tẹ ohunkóhun mọ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí oníbàárà tó sọ fún un, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ database, kì í ṣe ẹni tó wo fídíò lánàá. Kó tó dé, ẹ wá ibi tí backup, ẹ̀dà dátà tí ẹ tọ́jú, wà, kí ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Èyí nìkan ni mo gbà kí ẹ pè mí sí lóru.