Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọkọ̀ Ìgbòkun Kékeré Sílẹ̀ Lójú Òkun Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Gbà Yín Là

Nígbà tí àwọn adóòlà bá ti kó èèyàn kúrò nínú ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé òkun yóò gbé ọkọ̀ náà mì láìpẹ́. Kì í sábàá rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun Fastnet ti ọdún 1979, tí ìjì líle ká àwọn ọkọ̀ mọ́ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Áyálándì, ọkọ̀ 24 ni àwọn atukọ̀ fi sílẹ̀. 5 péré ló ṣègbé, wọ́n sì rí 19 yòókù gbà padà. Ọkọ̀ Satori, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 32, di fífi sílẹ̀ nínú ìjì òpin oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1991, ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n bá a lórí iyanrìn erékùṣù Assateague ní Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, bí àyè bá wà, ẹ tọ́jú ọkọ̀ náà kí ẹ tó kúrò nínú rẹ̀. Bí àwọn adóòlà bá sì ní kí ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ tẹ̀ lé wọn, nítorí ẹ̀mí ló jù.

Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ pinnu, pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn adóòlà, ni bóyá ẹ óò rì í tàbí ẹ óò jẹ́ kí ó máa léfòó. Lójú tèmi, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì le kò yẹ ní rírì, àmọ́ èyí tí omi ti ń wọ̀, tó sì jìnnà sí ilẹ̀, lè di ewu fún ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun Rebel Heart ṣe rí nìyẹn ní ọdún 2014: omi ti ń wọ inú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà wá kó ìdílé tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn kúrò nínú rẹ̀ lórí òkun Pàsífíìkì, wọ́n sì rì í síbẹ̀. Ṣíṣí fáàfù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nìkan kò tó láti rì í, nítorí páìpù rọ́bà tó so mọ́ ọn ló ń darí omi lọ sí ibi tó yẹ. Rọ́bà yẹn gan-an ni kí ẹ gé, kí omi lè ya wọlé. Ọkọ̀ onígi, tàbí èyí tí wọ́n ki fóòmù sí lára, lè má rì tán; yóò wá máa léfòó lábẹ́ omi díẹ̀, níbi tí ojú àti rédà (ẹ̀rọ tó ń ṣàwárí ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn) kò ti ní tètè rí i. Ìyẹn ló burú jù.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó léfòó, ẹ ti gbogbo fáàfù àti ìlẹ̀kùn òkè, ẹ ká ìgbòkun sílẹ̀, kí ẹ sì fi iná orí òpó àti ẹ̀rọ AIS (tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà han àwọn ọkọ̀ mìíràn) sílẹ̀ ní títàn. Ẹ̀rọ EPIRB, tó ń fi àmì ránṣẹ́ sí àwọn adóòlà pé ọkọ̀ wà nínú ewu, ní tirẹ̀, ẹ mú un dání, kí ẹ sì pa á nígbà tí àwọn adóòlà bá ní kí ẹ pa á, torí ó lè máa ké fún wákàtí 48 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn èèyàn sì máa wá ọkọ̀ òfìfo kiri. Lórí òkun Mẹditaréníà, àwọn adóòlà máa ń fi ọ̀dà kọ ọjọ́ sára ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ti kó èèyàn kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọjọ́ náà, àti pé kò sí ẹni tó kù nínú rẹ̀, sí ibi tí ojú yóò ti rí i. Ẹ sọ ibi tí ọkọ̀ wà, àwọ̀ rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ etíkun, kí wọ́n lè kìlọ̀ fún àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá.

Tí ẹ bá ti gúnlẹ̀, ẹ pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín lọ́jọ́ náà gan-an. Fífi ọkọ̀ sílẹ̀ láti gba ẹ̀mí là kò sọ pé kì í ṣe tiyín mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ sọ fún Receiver of Wreck, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó bá ṣègbé lójú òkun, láàárín ọjọ́ 28, ẹni tó ni ín sì ní ọdún kan láti wá gbà á. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1989 fún ẹni tó bá gba ọkọ̀ là ní ẹ̀tọ́ sí owó, èyí tí kò gbọ́dọ̀ ju iye ohun tó gbà là. Owó gbígba ẹ̀mí là kò sí lọ́rùn ẹni tí wọ́n gbà. Ẹ fi àdéhùn iye owó sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó wọ́ ọ wálé, kí ẹ sì sọ fún ẹ̀ṣọ́ etíkun pé ẹ ti rí i, kí wọ́n lè fagi lé ìkìlọ̀ náà.