Ẹ Má Ra Software Kí Ẹ Tó Mọ Ibi Tí Èrè Yín Ti Ń Wá

Kí oníṣòwò sáré ra software, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjà àti títà, kó tó mọ ibi tí èrè rẹ̀ ti ń wá, àṣìṣe tó máa ń jẹ owó gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń ta ọjà ní páálí nítòsí ọjà Atakúmọ̀sà ní Iléṣà, tó ń fi owó pọ́ọ́kú fa oníbàárà, kí ọjà má pẹ́ ní sítọ́ọ̀ lèrè rẹ̀. Iye ọjà tó kù nílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Olóògùn tó wà ní Lágéré, ní Ifẹ̀, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, àkọsílẹ̀ oníbàárà àti ọjọ́ tí agbára oògùn máa tán ni kó náwó lé. Bí àwọn méjèèjì bá ra ohun kan náà torí pé aládùúgbò rà á, owó ẹnì kan á ṣòfò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ gan-an ni títo ọjà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo páálí nudulu tó ní 40 nínú: ní páálí ló ń wọlé, ní ẹyọ la tún ń tà á. Bí kọ̀ǹpútà ò bá mọ̀ pé páálí 1 jẹ́ ẹyọ 40, ọmọ ìtajà á ta ẹyọ 5, kọ̀ǹpútà á yọ páálí 5. Kó tó dìrọ̀lẹ́, á ní ọjà ti tán, bẹ́ẹ̀ ó kún sítọ́ọ̀. Ọ̀gá á bínú, á padà sídìí ìwé. Ẹ ka ọjà lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa tún èyí tó ń yá jù kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, iye tí ọjà máa kù sí kó tó kìlọ̀. Bí ẹ bá ń ta páálí 6 lójúmọ́, tí ọjà ń gba ọjọ́ 4 kó tó ti Èkó dé, ẹ fi ọjọ́ 2 kún un nítorí ìdádúró ojú ọ̀nà. 6 lọ́nà 6: bó bá ti ku páálí 36, ẹ pè fún òmíràn.

Ẹ má yọ ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà kúrò nínú ìpàdé tí ẹ ti ń gbèrò ọjọ́ iwájú òwò yín. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí ẹ̀ka láti Ifẹ̀ sí Iléṣà, software orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ò ní mọ ohun tó wà ní ẹ̀ka kejì. Èyí tó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ bó bá dé, ni kí ẹ wá. Henderson àti Venkatraman, àwọn onímọ̀ méjì tó kọ̀wé lórí bí òwò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń bára rìn, ti là á sílẹ̀ ní 1993: ètò òwò, ètò ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣètò iléeṣẹ́ àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ̀rọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń náwó sí, wọn ò kọ́ ọmọ ìtajà.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ kọ iye àwìn tó ti kọjá ọjọ́ 30 sílẹ̀, àti iye ìgbà tí oníbàárà béèrè ọjà tí kò sí. Ẹ wò wọ́n lẹ́yìn oṣù 3. Bí wọn ò bá dín kù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá gbogbo títà ló ń wọnú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó dá software lẹ́bi.