Ẹ Má Tíì Sanwó: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Ń Ra Fóònù Tòkunbọ̀

Ní Computer Village, Ìkẹjà, bí oníbàárà bá gba fóònù tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, á gbé e sí oòrùn, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, á fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ bóyá ó ti sán, á ya fọ́tò kan, ó tán. Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Kò béèrè bóyá ẹni tó kọ́kọ́ ni fóònù náà ti yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Ojú tó sán, àwọn tó ń tún fóònù ṣe pọ̀ nínú ọjà yẹn kan náà. Fóònù tí ẹlòmíràn ṣì láṣẹ lórí rẹ̀ ló ń sọ owó ènìyàn di ẹ̀fúùfù.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó burú jù wà: kí ẹ gba fóònù tó ti ṣí sílẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sílé bó ṣe wà. Láti ọdún 2013 ni Apple ti fi Activation Lock, ìyẹn àtìpa tó so fóònù mọ́ àkáǹtì ẹni tó ni ín, sínú iPhone. Bí onífóònù àkọ́kọ́ kò bá yọ àkáǹtì Apple rẹ̀ kúrò, ẹ lè lò ó fún oṣù mélòó kan láìsí wàhálà kankan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ pátápátá ni á wá béèrè pásíwọ́ọ̀dù ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Onítọ̀hún tilẹ̀ lè jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kó tì í pa mọ́ yín lọ́wọ́. Android náà ní tirẹ̀ láti ọdún 2015: bí wọ́n bá fi bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ fóònù pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ láìkọ́kọ́ yọ àkáǹtì Google tó wà níbẹ̀, àkáǹtì yẹn náà ni á béèrè kó tó ṣí.

Nítorí náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á wọ Settings lójú yín, kó yọ àkáǹtì yòówù tó bá wà níbẹ̀, kó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbà á, kí ẹ fi dátà fóònù tiyín tan án láti ìbẹ̀rẹ̀, títí ẹ ó fi fi ímeèlì yín wọlé. Ó máa ń gba àkókò díẹ̀, oòrùn Ìkẹjà sì lè mú yín lórí, àmọ́ ẹ dúró. Ẹni tó bá ní òun kò ráyè ìyẹn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Bí ó bá ní "ọmọ wa kan wà tó máa bá yín yọ ọ́", tàbí tó dárúkọ bypass, ìyẹn ọgbọ́n ẹ̀bùrú láti fo àtìpa náà, ẹ má jókòó gbọ́ ìyókù. Fóònù tí wọ́n ṣe bypass fún lè má gba ìpè mọ́, àtìpa náà sì lè padà lọ́jọ́ tí ẹ bá pa ohun inú rẹ̀ rẹ́.

Irú kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí: fóònù iléeṣẹ́ tàbí ti iléèwé òkè òkun. Bí ẹ bá ṣí Settings lórí iPhone tí ẹ rí i lókè pé "supervised and managed by" ẹnì kan, iléeṣẹ́ ló ṣì ń darí rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn mìíràn kì í gbìyànjú síìmù wọn rárá. Ẹ fi tiyín sí i, kí ẹ fi pe ènìyàn, kí ẹ ṣí dátà. Ẹ tún wo inú àwo síìmù dáadáa, nítorí wọ́n máa ń fi ike pẹlẹbẹ kan sábẹ́ síìmù fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà tì pa. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, General, About; níwájú Carrier Lock, "No SIM restrictions" ló yẹ kí ẹ rí. Kí ẹ sì rántí pé iPhone tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti orí 14, tó jáde lọ́dún 2022, kò ní ihò síìmù rárá. eSIM nìkan ló ń lò, ìyẹn síìmù tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, tí kò ṣeé yọ. MTN àti Airtel ń ṣe eSIM ní Nàìjíríà, àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń yọ síìmù láti fóònù kan sí èkejì lójoojúmọ́, irú èyí á yọ yín lẹ́nu.

Ẹ tẹ *#06#. Nọ́mbà IMEI, ìyẹn nọ́mbà ìdánimọ̀ fóònù tó ní dígíìtì 15, tó bá jáde, ẹ fi wé ti Settings àti ti páálí. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ jáwọ́. Bí wọ́n tilẹ̀ bára mu, páálí nìkan kò tó ẹ̀rí, torí páálí òfìfo ń tà lọ́jà. Fóònù olówó gọbọi tí ẹnì kan fẹ́ jù sílẹ̀ ní ìdajì owó lójú títì, ẹ mọ ibi tó ti lè wá. Ẹni gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, ọlọ́pàá náà sì mọ òwe yẹn.

Bátìrì ńkọ́? Fóònù tó ti lo ọdún mẹ́ta tó ń fi ìlera bátìrì (Battery Health) 100% hàn, bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ tàbí wọ́n ti fọwọ́ kan nọ́mbà náà. Láti iPhone 12 sókè, About máa ń sọ ẹ̀yà tí wọ́n ti pààrọ̀. Bí ẹ bá rí "Unknown Part", ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ dán Face ID, tó ń fi ojú yín ṣí fóònù, wò, torí tó bá ti kú, àtúnṣe rẹ̀ nira. Lórí Samsung, *#0*# á jẹ́ kí ẹ rí ojú fóònù ní pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti jóná níbì kan.

Bí ẹ bá sì ti yan fóònù kan, ẹ má jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ yín mọ́ "kí n bá yín dì í". Láàárín ìdì yẹn ni fóònù ti ń di ọṣẹ tàbí fùfú, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó ń tà lábẹ́ bíríìjì. Inú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè padà sí ni kí ẹ ti rà á. Kí wọ́n kọ IMEI sórí rìsíìtì, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà, kí wọ́n sì kọ ọ́ bóyá owó ni wọ́n á fún yín tàbí fóònù mìíràn.