Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Ilé Ìdáná àti Gbọ̀ngàn Ṣọ́ọ̀ṣì Ṣe Pẹ̀lú Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Ìjọ

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ilé ìdáná ni wọ́n máa ń rántí kẹ́yìn. Wọ́n á ti pààrọ̀ páànù, wọ́n á ti ra sípíkà tuntun, wọ́n á ti lẹ táìsì dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ ìkórè ṣì wà lẹ́yìn ilé, níbi tí èéfín ti sọ ògiri di dúdú, tí wọ́n ń bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù. Ó ń dùn mí, torí ibẹ̀ la ti ń bọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ibẹ̀ la ti ń tọ́jú àlejò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ìjọ tí kò lówó púpọ̀ lè tún un ṣe, bó bá mọ iṣẹ́ tó yẹ kó fi lé àwọn ọmọ ìjọ lọ́wọ́ àti èyí tó gbọ́dọ̀ sanwó fún. Bí ẹ ó ṣe tò ó rèé.

Ẹ kọ́kọ́ lọ dúró ti àwọn tó ń dáná

Kí ẹ tó pe bíríkìlà, kí ẹ tó ya pílánì kankan, kí àwọn tí iṣẹ́ náà wà níkàáwọ́ wọn lọ dúró sínú ilé ìdáná lọ́jọ́ tí ìnáwó gidi bá wà. Kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa wò. Níbo ni wọ́n ti ń pọnmi wá? Èèyàn mélòó ló ń gbé ìkòkò ìrẹsì sọ̀ kalẹ̀, ibo ni wọ́n sì ń gbé e gbà? Ṣé ẹran tútù àti oúnjẹ tó ti jinná ń pàdé lórí tábìlì kan náà?

Ẹ wo ìyá tó ń ro àmàlà nínú ìkòkò ńlá dáadáa. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ gírígírí, ó di omorogùn mú lókè, ó sì ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ wá sílẹ̀. Bí iná bá ga dé ìbàdí rẹ̀ bíi ti ilé ìdáná inú ilé, agbára yẹn kò ní sí mọ́, èjìká ni yóò máa ro ó. Kò ní pẹ́ tí yóò fi padà sídìí ààrò ìta. Nítorí náà, kí ibi tí ìkòkò ńlá ń jókòó sí wà nílẹ̀, kó má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Tábìlì tí wọ́n ti ń gé ẹ̀fọ́ àti àlùbọ́sà ló yẹ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 85 sí 90, kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi wọ́n: kí lẹ ò fẹ́ ká fọwọ́ kàn? Ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé ààrò igi ni. Wọ́n sì jàre. Gáàsì lè tán nígbà tí ìrẹsì ń hó lọ́wọ́, ìkòkò mìíràn sì wà tí sítóòfù ò lè gbé. Ẹ bá wọn fi páànù ṣe àtíbàbà sẹ́yìn ilé, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí èéfín lè ráyè jáde, kí inú ilé wá jẹ́ ti gáàsì nìkan. Ẹ mú méjì nínú àwọn ìyá yìí sínú ìgbìmọ̀, kí ọ̀rọ̀ wọn sì kà níbẹ̀ bíi ti ẹnikẹ́ni.

Ní ti gbọ̀ngàn, ẹ bi àwọn tó ń kọ́ ọmọdé, ẹgbẹ́ akọrin, àti àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ọ̀rọ̀ tiwọn kì í pọ̀: àga kò níbi tí wọ́n ń kó o sí, àtẹ̀gùn ga jù, ooru pọ̀.

Àṣẹ àti àsìkò

Lọ́dọ̀ àwọn Áńgílíkà, ìjọ kì í ṣàdédé yí ilé padà láìgba àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ìjọ yòókù náà ní ẹni tí wọ́n ń fi tó létí. Bí ẹ bá fẹ́ wó ògiri tàbí fẹ ilé náà sí i, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń buwọ́ lu pílánì ilé, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnjiníà wo ògiri náà. Ògiri tó rí pẹlẹbẹ lè jẹ́ òun ló gbé òrùlé ró.

Àsìkò tó dára jù ni ẹ̀yìn ìkórè, nígbà tí òjò ti dá, kí ẹ parí ṣáájú Ọdún Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń mú símẹ́ǹtì gbẹ kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń la pílásítà. Ẹ yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò máa wọ́n omi sí ògiri àti ilẹ̀ tuntun láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7.

Ta ni yóò ṣe kí ni?

Ọmọ ìjọ lè kó ẹrù jáde, kí wọ́n fá ọ̀dà àtijọ́, kí wọ́n ru yẹ̀pẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà páìpù, kí wọ́n kun ọ̀dà, kí wọ́n fọ gbogbo ilé nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Àwọn iṣẹ́ yìí ló ń jẹ owó lébìrà, nítorí náà owó gidi lẹ ń fi pamọ́.

Iná mànàmáná, gáàsì, igi òrùlé àti ògiri tó gbé ilé ró kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀wẹ̀. Ẹ gba ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ ọmọ ìjọ ni oníná yín, kó dín owó kù fún yín, àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ san nǹkan. Iṣẹ́ tí kò mówó wá ni oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń sún síwájú bí iṣẹ́ mìíràn bá dé, ẹnu kì í sì í gbà láti bá ẹni tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ wí.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú kéré. Bí ilé náà bá ti pẹ́, ó ṣeé ṣe kí síìlìnì rẹ̀ jẹ́ asbestos, àwọn pákó eérú líle yẹn. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, eruku rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó ń fà sì lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó farahàn. Ẹ má ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ní òòlù kí wọ́n máa fọ́ ọ lulẹ̀, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tú: yóò fi omi rin ín, yóò sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi, yóò sì wé e mọ́ inú ọ̀rá.

Ẹ bẹ ọ̀wẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń bẹ̀ ẹ́

Nínú ọ̀wẹ̀ àtijọ́, ẹni tó pe èèyàn sóko ló ń tọ́jú wọn. Oúnjẹ á ti wà nílẹ̀, olúkúlùkù á sì mọ ebè tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ìfilọ̀ ọjọ́ Sunday kì í ní nìyẹn. Bí wọ́n bá ní “gbogbo ọmọ ìjọ, ẹ wá ràn wá lọ́wọ́ ní Sátidé,” àwọn kan náà tó máa ń wá tẹ́lẹ̀ ló máa wá. Ẹ sọ pé: “A ń wá èèyàn 8 tí yóò fá ọ̀dà láti aago 7 sí aago 11, akàrà àti ẹ̀kọ wà.” Lẹ́yìn ìsìn, kí ẹnì kan mú ìwé lọ bá wọn lójúkojú, kó kọ orúkọ. Àwọn àgbà tí kò lè ru búlọ́ọ̀kù lè jókòó ti ìwé irinṣẹ́, kí wọ́n máa kọ ẹni tó mú ṣọ́bìrì àti ẹni tó dá a padà.

Ẹ rántí pé Sátidé kan náà ni ọjọ́ òde. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ìjọ kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́. Kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì, torí ìṣó tó ti dógùn-ún wà nínú pákó àtijọ́. Kí ọmọdé má sí níbi tí wọ́n ti ń wó nǹkan.

Ọmọ ìjọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ò lè wá fá ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó lè ra táǹkì. Ẹ má béèrè “owó ìkọ́lé” lásán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ohun kan pàtó àti iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Kí akápò lẹ rìsíìtì mọ́ pátákó ìfilọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tí owó ti hàn kedere lowó mìíràn ń wá.

Ohun tó máa fara pamọ́ ló ń ṣíwájú

Táìsì ló wu gbogbo èèyàn láti rí, òun ni wọ́n sì ń sáré lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, páìpù á ń jò, wọ́n á wá fi òòlù fọ́ táìsì tuntun. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí: ẹ tú ohun àtijọ́ kúrò, ẹ ṣe ọ̀nà omi ìdọ̀tí, ẹ gbé páìpù omi àti páìpù wáyà sínú ògiri, ẹ wá ṣe pílásítà, lẹ́yìn náà ilẹ̀, síìlìnì, táìsì, ọ̀dà. Síńkì, kọ́bọ́ọ̀dù àti sítóòfù ló kẹ́yìn.

Omi ilé ìdáná ní ọ̀rá nínú, ọ̀rá yìí ló sì ń dí sókáwéè. Kí omi náà tó dé ọ̀hún, ẹ jẹ́ kó gba inú àpótí símẹ́ǹtì kékeré kan tó ní ọmọrí, kí ọ̀rá léfòó sókè níbẹ̀. Kí ẹnì kan máa kó o dànù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó ńlá.

Kí ilẹ̀ dà díẹ̀ síbi tí omi ń gbà jáde, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó lẹ táìsì, ẹ da garawa omi kan sílẹ̀, kí ẹ dúró wò ó. Ibi tí omi bá dúró sí, kí bíríkìlà fi ẹfun yí i ká, kó sì tún un ṣe lójú yín. Táìsì ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ojú rẹ̀ kò yọ̀. Èyí tó ń dán yóò gbé ẹni tó gbé ọbẹ̀ gbígbóná ṣubú.

Ní ti iná, wáyà 1.5mm tó fún gílóòbù, 2.5mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí fírísà àti ẹ̀rọ ńlá ní wáyà tiwọn. Ẹ má gbà kí wọ́n yọ earth sílẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Kí síńkì méjì wà, ọ̀kan fún abọ́, ọ̀kan fún ọwọ́ àti oúnjẹ.

Gáàsì àti jẹnẹrétọ̀

Ìta ni sílíńdà gáàsì ń gbé, lóòró, nínú àgò irin tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá jò, ilẹ̀ ló ń rọ́ sí, kì í ṣe òkè. Nítorí náà, fèrèsé nìkan kò tó. Ẹ dá ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì irin dí i kí eku má wọlé.

Nígbà tí wọ́n bá so ó tán, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi títí yóò fi hó. Ẹ fi kànìnkànìn pa á mọ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti so páìpù, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá ṣí sílíńdà díẹ̀. Ẹ tẹjú mọ́ ọn. Bí ìfófòó bá ń wú níbì kan, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ tì í, kí wọ́n tún un dì. Ẹ má ṣe fi ìṣáná dán an wò láéláé.

Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ohun tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ṣeé rí, kò sì ní òórùn. Ẹ gbé ẹ̀rọ panápaná sítòsí ilẹ̀kùn, kì í ṣe lẹ́yìn sítóòfù, níbi tí ọwọ́ ò ti ní tó o bí iná bá sọ. Ẹ kọ́ gbogbo ẹni tó ń dáná pé bí òróró bá gbiná, ọmọrí ni kí wọ́n fi dé e, kí wọ́n má da omi sí i.

Gbọ̀ngàn

Níbi tí àtẹ̀gùn wà, ẹ ṣe ojú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fún gíga sẹ̀ǹtímítà 1, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Bí àtẹ̀gùn bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, mítà 3.6 ni yóò gbà. Ẹ má gé e kúrú, àgbàlagbà tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ló máa jìyà rẹ̀. Kí ilẹ̀kùn ńlá máa ṣí síta.

Ẹ fi ọ̀dà gílọ́ọ̀sì kun mítà 1 àkọ́kọ́ lára ògiri láti ilẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀yìn àga àti ọwọ́ ọmọdé ń dé, ó sì ṣeé fi omi ọṣẹ nù. Ṣùgbọ́n kí pílásítà tuntun ti lo ọ̀sẹ̀ 4 kó tó di pé ẹ kun ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa bó.

Kí ẹ tó ṣí i

Ẹ má dúró de ìkórè. Ẹ se oúnjẹ ẹgbẹ́ kan péré níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn ìyá kọ gbogbo ohun tí kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn sílẹ̀, kí oníṣẹ́ sì wá tún un ṣe kó tó gba owó tó kù.

Kí akọ̀wé ìjọ tọ́jú nǹkan mẹ́ta: páálí táìsì kan tó ṣẹ́kù, nọ́ńbà àwọ̀ ọ̀dà, àti fọ́tò ògiri tí ẹ yà kí pílásítà tó bo páìpù àti wáyà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri yẹn lọ́dún mẹ́wàá sí i, fọ́tò náà ni kó kọ́kọ́ lọ béèrè.