Bí Mo Ṣe Ṣe Iná Ìkìlọ̀ Orí Ọkọ̀ Tówìn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọkọ̀ tówìn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń jẹun, òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ni iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́bàá títì yẹn rí, tó ń so ṣéènì mọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́, tí tírélà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ kí àwọn tó ń bọ̀ tètè rí i. Àwọn iná tó ń rà lọ́jà kì í pẹ́ tí omi òjò fi ń wọ inú wọn. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ tó o mọ bọ́ọ̀dù tò, ṣé o ò lè bá mi ṣe èyí tó máa pẹ́?" Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, ẹ̀gbọ́n."

Àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ mú. Iná pupa àti búlúù, ti àwọn tí òfin fún láṣẹ ni. Yẹ́lò tó fẹ́ẹ́ pọ́n, irú ti trafficator, ló yẹ ọkọ̀ tówìn.

LED oní-wáàtì 1 ni mo lò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 32, mo sì tò wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn. Ẹyọ kan ń gba nǹkan bíi fólítì 2.2, mẹ́rin á gba 8.8. Fólítì 12 ni gbogbo wa ń pe bátìrì ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator lè gbé e dé 14.4, òun sì ni mo fi ṣírò. Ó ku 5.6 tí resistor, ohun tó ń dín iná kù, máa gbé. Resistor 18 ohm jẹ́ kí iná tó ń kọjá wà ní nǹkan bí 0.31 ámpíà. Ooru tó ń jáde lára resistor náà tó wáàtì 1.7, nítorí náà oní-wáàtì 5 ni mo rà.

Arduino Nano, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan, ló ń darí wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò yẹ kó gbé ju 20 milliampere lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi MOSFET mẹ́rin, ìyẹn súíṣì tí iná ń ṣí, sáàárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún LED mẹ́jọ. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ dáadáa bí ẹ bá ń rà á. IRLZ44N ni mo fẹ́. IRFZ44N ni ẹni tó ń tà á gbé fún mi, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó ní F kì í ṣí tán pẹ̀lú fólítì 5 tí Arduino ń fún un, gbígbóná ni yóò máa gbóná. Mo tún so resistor 10k láti gate, ẹsẹ̀ tí MOSFET fi ń gba àṣẹ, lọ sí ground, kí iná má baà tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí Arduino ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí.

Iná inú ọkọ̀ gan-an ló ń pa bọ́ọ̀dù jù. Bí dẹ́rẹ́bà bá ta kọ́kọ́rọ́, sítátà á fa fólítì wálẹ̀. Bí orí bátìrì bá sì dẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, alternator lè ta fólítì sókè lójijì débi tí á jó ohun tó bá kàn. Mo fi fíúsì 5 ámpíà sẹ́bàá bátìrì gan-an, nítorí wáyà tó wà ṣáájú fíúsì kò ní aláàbò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni diode, tí kì í jẹ́ kí iná gba òdì wọlé, torí ẹni tó bá so wáyà sódì, àti TVS 1.5KE24A, tó ń gé fólítì tó bá ga jù. LM2596 tó ń sọ iná di fólítì 5 kò gbà ju 40 lọ. TVS yẹn ti ń gé e ní nǹkan bíi 33. Bí ọwọ́ yín kò bá ká gbogbo nǹkan, ẹ dín LED kù, ẹ má yọ TVS.

Àwọn kan fẹ́ràn iná tó ń ṣẹ́jú wàràwàrà bíi ti pátì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá ní 100 kìlómítà ní wákàtí ń rìn tó mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ojú wọn bí iná náà ṣe jìnnà tó. Ìlànà 65 ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí iná ìkìlọ̀ sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mú: apá òsì á tàn fún 80 millisecond, á kú fún 50, á tún tàn fún 80, á sinmi fún 40, kó tó kan apá ọ̀tún. Nínú kóòdù rẹ̀, millis() tó ń ka àkókò ni mo fi kọ ọ́, torí delay() tó ń dá iṣẹ́ dúró kì í jẹ́ kí Arduino gbọ́ bọ́tìnnì tí ẹ̀gbọ́n mi bá tẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, LDR kan, ohun tó ń mọ̀ bí ìta ṣe mọ́lẹ̀ tó, á sọ fún un kó dín ìmọ́lẹ̀ kù. Iná tó yẹ oòrùn ọ̀sán lè fọ́ dẹ́rẹ́bà lójú lóru.

Ara rẹ̀ kò le púpọ̀. Àjẹkù alumíníọ̀mù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wíńdò ni mo lò, ó sì tún ń fa ooru kúrò lára LED. Perspex, ike tó dà bíi gíláàsì, ni mo fi bo iwájú, mo fi sílíkọ́ọ̀nù dí etí rẹ̀ yí ká, mo sì lu ihò kéékèèké sísàlẹ̀ kí omi tó bá lágùn sínú lè rọ́nà jáde. C-caution ṣì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀ o, iná yìí kò rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń bi mí bóyá a lè gbé irú rẹ̀ sórí ọkọ̀ ńlá rẹ̀. Fólítì 24 ni ti ìyẹn ń lò, alternator rẹ̀ sì lè gbé e dé 28.8. Mẹ́jọ-mẹ́jọ ni LED máa jẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú resistor 36 ohm, TVS àti LM2596 yìí ò sì ní ṣeé lò fún un.