Kí ẹ tó ṣí ìsọ̀ láàárọ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà l'Ọ́jà Ọba l'Óṣogbo, kí ẹ tó ṣí ìsọ̀, ẹ ka Sáàmù 131 sókè. Ẹsẹ 3 péré ni. Dáfídì ní àyà òun kò gbéraga, ọkàn òun pa rọ́rọ́ bí ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú: kò sunkún wàrà mọ́, ara ìyá rẹ̀ ti tó o. Ẹ wá dúpẹ́ lórí ohun tó wà nílẹ̀, ì báà ṣe kóńgò gààrí kan. Tí oníbàárà bá kọjá níwájú yín lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì, ẹ bá a yọ̀, ẹ tiẹ̀ bá a wá ṣéńjì. Ibẹ̀ ló le jù lójú tèmi, ibẹ̀ náà sì ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń hàn.